Epo Pupa Kọ́ Ni Oògùn Ajá

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń sin ajá tàbí ológbò nílé. Ajá ń bá wa ṣọ́ ilé, ológbò ń bá wa pa eku. Ṣùgbọ́n tí ara wọn ò bá yá, epo pupa ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Èmi náà wà lára àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé fún yín.

BÍNGÒ

Lọ́dún tó kọjá, màmá mi ra ọmọ ajá kan tí kò tíì ju oṣù méjì lọ, torí àwọn olè tó ń yọ àdúgbò wa lẹ́nu. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Bíngò. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa tó fi kọ oúnjẹ láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ń bì, ó sì ń yàgbẹ́ gbuuru. Bàbá kan ládùúgbò wa ní májèlé ló jẹ, wọ́n ní ká fún un ní epo pupa. Èmi ni mo di ẹnu rẹ̀ mú, tí mo fi ṣíbí da epo sí i lọ́nà ọ̀fun. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ẹ̀jẹ̀ ló ń yà, òórùn rẹ̀ ò sì ṣeé dúró tì. Mo tún fún un ní epo, mo wá lọ sílé ìwé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la tó gbé e lọ sílé ìwòsàn àwọn ẹranko.

OHUN TÍ DÓKÍTÀ ṢE

Dókítà kọ́kọ́ bi wá pé: ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí ló jẹ? Ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára? Ibẹ̀ la ti dákẹ́.

Wọ́n ki tẹmọ́mítà bọ ìdí rẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé pé ara ajá tó le máa ń wà láàárín 38 sí 39 lórí ìwọ̀n Celsius. Ó gbóná ju tiwa lọ, nítorí náà, kéèyàn kàn fọwọ́ kàn án kò tó láti mọ̀ bóyá ibà ń ṣe é. Wọ́n gbé ètè rẹ̀ sókè láti wo èrìgì rẹ̀. Ó yẹ kó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ti Bíngò ti funfun. Wọ́n wá fi ìka fa awọ ọrùn rẹ̀ sókè. Tí omi bá wà lára ajá, awọ yẹn máa padà sáyè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ti Bíngò dúró sókè bẹ́ẹ̀ ni. Omi ti tán lára rẹ̀.

Wọ́n fi ìgbẹ́ rẹ̀ díẹ̀ ṣe àyẹ̀wò, wọ́n ní parvo ni. Fáírọ́ọ̀sì ni parvo. Ó máa ń ba ìfun jẹ́, kì í sì í jẹ́ kí ara lè bá àrùn jà. Àwọn ọmọ ajá láti ọ̀sẹ̀ 6 sí oṣù 6 ló ń pa jù. Kò sí oògùn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì yìí fúnra rẹ̀. Ṣe ni dókítà ń ran ajá lọ́wọ́ títí ara rẹ̀ á fi borí àrùn: wọ́n á fa omi sí i lára, wọ́n á gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń dá èébì dúró, wọ́n á sì fún un ní oògùn apakòkòrò kí kòkòrò inú ìfun má baà wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó lè gbà tó ọjọ́ márùn-ún sí méje. Ọ̀pọ̀ ajá tó bá tètè débẹ̀ ló ń yè.

Bíngò kú kí ilẹ̀ Ọjọ́rú tó mọ́.

Mo bi dókítà pé ṣé epo ló pa á ni. Wọ́n ní, “Rárá, àrùn ló pa á. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì tí ẹ fi ń fún un lépo ni omi fi ń tán lára rẹ̀.” Wọ́n tún ní epo tá a bá fi tipátipá dà sọ́nà ọ̀fun ajá tó ń bì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí dòní.

ÀWỌN ÀÌSÀN MÍÌ TÓ YẸ KÁ MỌ̀

1. Aràn: Ọmọ ajá lè ti inú ìyá rẹ̀ gbé aràn wáyé. Tí ikùn rẹ̀ bá wú tí egungun ìhà rẹ̀ sì yọ, kì í ṣe pé ó yó o! Oògùn aràn ni dókítà máa fún un. Ìwọ̀n bó ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń mọ iye tó máa lò.

2. Eégbọn: Ó ń mu ẹ̀jẹ̀, ó sì ń kó àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ajá. Ibà á mú ajá náà, èrìgì rẹ̀ á funfun. Dókítà á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, á sì tọ́jú rẹ̀. Ẹ má ṣe fi kẹrosíìnì wẹ̀ ẹ́. Ó ń bó awọ ajá, ajá á sì tún lá a sínú.

3. Oògùn èèyàn: Ẹ má fún ológbò ní Paracetamol láé. Hóró kan péré lè pa á.

4. Dìgbòlugi: Èyí kan àwa èèyàn náà. Inú itọ́ ajá ló wà. Tó bá ti hàn lára ajá tàbí èèyàn, ikú ló sábà máa ń yọrí sí. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ ń dènà rẹ̀. Láti ọdún 1885 ni Louis Pasteur ti gún ọmọ kan tí ajá bù jẹ ní abẹ́rẹ́ yìí nílẹ̀ Faransé, ọmọ náà ò sì kú. Tí ajá bá bù ẹ́ jẹ, fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15. Má fi ata tàbí epo sí i. Sọ fún àwọn òbí rẹ, kí ẹ sì lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bí ajá yẹn bá jẹ́ ti ilé yín.

TANÍMỌ̀LA

Dókítà kìlọ̀ pé parvo lè wà nílẹ̀ ju ọdún kan lọ, ọṣẹ lásán ò sì pa á. Bílíìṣì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun la fi fọ gbogbo ibi tí Bíngò dé. Nígbà tá a máa mú ajá míì, a jẹ́ kó gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán kó tó wọlé wa. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ti parvo, wọ́n á máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin títí á fi pé ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀. Màmá mi ṣírò owó náà: owó gbogbo abẹ́rẹ́ Tanímọ̀la ò tó èyí tá a ná lórí Bíngò lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.

Àwọn àgbà ní àìsàn là ń wò, ẹnìkan kì í wo ikú. Tẹ́ ẹ bá délé lónìí, ẹ béèrè káàdì abẹ́rẹ́ ajá yín. Tí kò bá ní, ẹ tètè gbé e lọ. Ajá ò lè sọ pé inú ń run òun. Àwa la máa bá a sọ ọ́.