Kòkó Tí Bàbá Mi Sá

Ilé tí owó kòkó kò kàn kò pọ̀ ní agbègbè wa yìí. Òun ni ó ra páànù tí a fi bo ilé, òun náà ni ó sì san owó ilé-ìwé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwa akọ̀wé. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ sọ díẹ̀ nínú ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ bàbá mi olóògbé, tí wọ́n dá oko kòkó lẹ́bàá Ọwẹnà, ní ọ̀nà Oǹdó sí Àkúrẹ́.

Nígbà tí ìjọba ṣì ń ra kòkó nípasẹ̀ ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní Marketing Board, àwọn aláyẹ̀wò a máa la hóró kòkó sí méjì láti wo inú rẹ̀. Èyí tí ó bu, tàbí tí kò gbẹ, kì í rí ojú rere wọn. Ní ọdún 1986 ni ìjọba tú ìgbìmọ̀ náà ká. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ní owó àti ọkọ̀ akẹ́rù di oníkòkó, àwọn àgbẹ̀ púpọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta kòkó tútù, nítorí èyí tí ó tutù ni ó wúwo lórí òṣùwọ̀n.

Bàbá mi kò yí padà. Ọjọ́ mẹ́fà ni kòkó wa ń lò lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí a óò sì máa yí i. Lẹ́yìn náà ni a óò sá a sórí ẹní títí yóò fi gbẹ. Wọn a bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọn a fún un mọ́ ọwọ́, wọn a sì tẹ́tí sí i. Bí kò bá dún, a kò gbọdọ̀ kó o sínú àpò. Ẹ̀gbọ́n mi bi wọ́n léèrè lọ́jọ́ kan pé, “Bàbá, kí ni èrè wàhálà yìí, nígbà tí ó jẹ́ pé iye kan náà ni wọ́n ń san fún ẹni tí kòkó rẹ̀ tutù?” Wọ́n dáhùn pé, “Ẹni tí yóò jẹ ẹ́ kò mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo sá a.”

Ohun tí wọ́n kórìíra jùlọ ni gbígba owó lé kòkó tí ó ṣì wà lórí igi. Oṣù kẹsàn-án ni ilé-ìwé ń wọlé, kòkó kò sì tíì pọ́n tán. Ìgbà náà gan-an ni àwọn olówó ń yà sí abúlé. Ní ọdún tí mo wọ ilé-ìwé gírámà, agbádá sányán wọn ni wọ́n tà. Ìyá mi sunkún aṣọ náà, ó sì tọ́ kí wọ́n sunkún, nítorí a kò bi wọ́n kí a tó tà á. Bàbá mi kì í sọ iye tí kòkó mú wọlé fún aya wọn; n kò lè yìn wọ́n fún èyí.

Àbúrò mi ni ó wà ní oko náà nísinsìnyí. Ní ọdún 2023, ọmọ rẹ̀ obìnrin rí ààyè ní yunifásítì, oníkòkó kan sì gbé owó wá. Ó pè mí ní Àkúrẹ́. Mo bi í pé kí ni ó kù nílé tí a lè tà. Ó ta alùpùpù rẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ rin lọ sí oko ní gbogbo àkókò náà. Nígbà tí àrùn àti ojú ọjọ́ ba kòkó jẹ́ ní Gánà àti Ivory Coast, tọ́ọ̀nù kan kọjá $10,000 ní ọjà New York ní oṣù kẹta ọdún 2024. Àwọn tí ó ti gba owó sílẹ̀ fi kòkó wọn lélẹ̀ ní iye àtijọ́. Òun ta tirẹ̀ ní iye ọjọ́ náà.

Ní ọdún 2025, owó kòkó tún já wálẹ̀, àwọn olówó sì tún padà sí Ọwẹnà. Àbúrò mi ti ra alùpùpù mìíràn. Ó ní kí wọ́n padà wá nígbà tí kòkó bá gbẹ.