BÍ ỌPỌLỌ TÍ Ó FARAPA ṢE Ń TÚN IṢẸ́ RẸ̀ KỌ́

Nígbà tí ọ̀dọ́ kan bá fi orí gbá ilẹ̀ nínú ìjàm̀bá alùpùpù, tàbí tí ó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, tí ó sì dákú fún ọjọ́ púpọ̀, ayọ̀ ńlá ni fún àwọn ará ilé rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bá lajú. Wọn a ní, "Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, wàhálà ti parí." Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà tí wọ́n bá rí i pé kò mọ orúkọ ṣíbí mọ́, pé kò lè di bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀, àti pé ó ń bínú láìnídìí, wọn a yí ohùn padà, wọn a ní, "Ayé ti bà á jẹ́, kò tún lè dára mọ́." Èrò méjèèjì yìí kò tọ̀nà. Lílajú kì í ṣe òpin ìwòsàn, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìgbàgbé àti ìbínú kì í ṣe òpin ọmọ náà.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú orí?

Ọpọlọ rọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì, agbárí sì ni Ẹlẹ́dàá fi ṣe ilé fún un. Bí orí bá gbá ohun líle, ọpọlọ a mì nínú ilé rẹ̀, a sì lu ara agbárí. Àwọn okùn tín-ín-rín tí ń jẹ́ iṣẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn nínú rẹ̀ lè já, ẹ̀jẹ̀ lè dà sí i, ó sì lè wú. Ibi kọ̀ọ̀kan nínú ọpọlọ ni ó ní iṣẹ́ tirẹ̀. Apá òsì ni ó ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, apá ọ̀tún ni ó sì ń darí ti òsì. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, apá òsì náà ni ọ̀rọ̀ sísọ ń gbé. Ibi tí ó wà lẹ́yìn egungun iwájú orí ni a fi ń kó ara wa níjàánu. Nítorí náà, ẹni tí ibẹ̀ farapa lè máa sọ ohun tí kò yẹ kí a sọ níwájú àgbà. Kì í ṣe àrífín, kì í sì í ṣe èèdì.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí ó bá ti kú nínú ọpọlọ kì í tún hù mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ibi tí ó yè lè kọ́ láti ṣe lára iṣẹ́ èyí tí ó kú, bí a bá ń fi iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Ó dàbí ìgbà tí igi ńlá wó dí ọ̀nà oko. Àwọn àgbẹ̀ a gba inú igbó yí i ká. Ní ọjọ́ kìíní, ẹ̀gún a máa ya wọ́n lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ọ̀nà tuntun a là.

Ọmọ ogun tí ó tún ábídí kọ́

Ní oṣù Kẹta ọdún 1943, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọta ìbọn wọ agbárí ọ̀dọ́mọkùnrin ará Rọ́ṣíà kan tí a ń pè ní Lev Zasetsky, ní agbègbè ìlú Smolensk. Ọmọ ọdún 23 ni, ó sì ti ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kí ogun tó dé. Ìhà ẹ̀yìn ọpọlọ rẹ̀ ní apá òsì ni ọta náà bà jẹ́. Nígbà tí ó lajú, kò rí ohun tí ó wà ní ìhà ọ̀tún rẹ̀ mọ́. Ó gbàgbé orúkọ ọ̀pọ̀ ohun tí ó wà ní àyíká rẹ̀. Kò sì lè kàwé mọ́. Ìwé ìròyìn èdè abínibí rẹ̀ wá dàbí ìwé èdè àjèjì lójú rẹ̀.

Dókítà Alexander Luria ni ó mójú tó ọ̀ràn rẹ̀. Wọ́n fún un ní olùkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ábídí bí ọmọ kékeré. Bí ó bá fẹ́ rántí lẹ́tà kan, yóò bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní, yóò máa kà á lọ títí yóò fi kan èyí tí ó ń wá. Kíkọ̀wé kọ́kọ́ le fún un púpọ̀, títí di ọjọ́ tí dókítà kan sọ fún un pé kí ó má ṣe máa ro lẹ́tà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìgbé ọwọ́ sókè. Ó gbìyànjú rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì jáde. Ojú ti gbàgbé, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò gbàgbé.

Láti ìgbà náà ni ó ti ń kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀, ní ilé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀. Ó kọ ọ́ fún ọdún 25, ohun tí ó kọ sì tó 3,000 ojú-ewé. Nígbà mìíràn, iṣẹ́ odindi ọjọ́ kan kì í ju ojú-ewé kan lọ. Ní ọdún 1971, Luria tẹ ìwé kan jáde nípa rẹ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ Zasetsky fúnra rẹ̀ sínú rẹ̀. Kò padà di bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Pẹ̀lú ìnira ni ó fi ń ka ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Síbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò mọ lẹ́tà mọ́ ti di ẹni tí àwọn oníṣègùn káàkiri ayé ń kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà kí ẹ tó wọ kíláàsì mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà mọ irú ìfaradà tí èyí gbà.

Iṣẹ́ àwọn ará ilé

Kì í ṣe inú ilé ìwòsàn nìkan ni a ti ń tún ọpọlọ kọ́. Ní orílẹ̀-èdè wa, ọdún 1962 ni Dókítà Látúndé Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́-abẹ ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní U.C.H. ní Ìbàdàn. Iṣẹ́-abẹ lè gba ẹ̀mí là. Àwọn tí ń fi ìdárayá tún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe, àti àwọn tí ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ, a sì máa fi ọ̀nà hàn. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti ń rin ọ̀nà náà lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí nǹkan wọ̀nyí:

Èkíní, ẹ jẹ́ kí ó máa jí, kí ó máa wẹ̀, kí ó máa jẹun, kí ó sì máa ṣe ìdárayá rẹ̀ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́. Ìṣe tí kò yí padà a máa ran ìrántí lọ́wọ́.

Èkejì, ẹ sọ nǹkan kan fún un lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dúró dè é. Ẹni tí ó bá ń bá a di gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ kò jẹ́ kí ó kọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ó sinmi. Ọpọlọ tí ó farapa a máa tètè rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ.

Ẹ̀kẹrin, kí ó má ṣe mu ọtí, kí ó má sì gun alùpùpù tàbí igi títí dókítà yóò fi gbà á láyè. Bí wárápá bá mú un, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má ṣe ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí orí fífọ́ rẹ̀ bá ń le sí i, tí ó ń bì, tàbí tí oorun àìṣeéjí ń kùn ún, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má ṣe dè é mọ́lẹ̀, ẹ má sì ṣe lù ú nítorí ìbínú rẹ̀. Ẹ mú ariwo kúrò, ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì pín ìtọ́jú rẹ̀ ṣe, kí ó má ṣe di ẹrù ìyá rẹ̀ nìkan.

Ìlọsíwájú a sábà máa yára ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà a máa falẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì lè máa bá a lọ fún ọdún púpọ̀. Nítorí náà, bí télọ̀ tàbí káfíńtà kan bá ní ọmọ iṣẹ́ tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí, kí ó má ṣe yára fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí dókítà bá ti gbà á láyè, kí ó pè é padà fún wákàtí kan péré lójúmọ́, kí ó fún un ní iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ náà kò tíì gbàgbé. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.