Ẹ Wọn Apá Ọmọ Yín Nílé

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá àgbà ní Àrán-Ọ̀rin,

Ní oṣù kẹrin ọdún 2020 tí Kòrónà wọ Kwara, kónílé-ó-gbélé dé, ọkọ̀ ò rìn dáadáa, ẹ̀rù sì ń ba ọ̀pọ̀ ìyá láti gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Lọ́dún yẹn ni UNICEF rọ àwọn ìjọba pé kí wọ́n kọ́ òbí láti máa fi téèpù aláwọ̀ ewé, yẹ́lò àti pupa wọn apá ọmọ fúnra wọn, kí wọ́n lè mọ̀ bí ọmọ bá ń rù. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nítòsí wa rí: Dókítà David Morley, tó ṣiṣẹ́ ní Iléṣà láti 1956 sí 1961, fi káàdì ìwọ̀n ọmọ lé àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa mú un lọ sílé. Bí kọ́lẹ́rà tàbí àrùn mìíràn bá tún dé, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ rí i pé ọmọ ń rù.

Ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún la ń wọ̀n. Apá òsì ni. Kó rọ̀ wálẹ̀, kí ẹ yí téèpù ká àárín èjìká àti ìgbọ̀nwọ́. Kó má fún, kó má dẹ̀. Bó bá bọ́ sójú àwọ̀ ewé, ó dáa. Yẹ́lò, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 11.5 sí 12.5, ọmọ ti ń rù: ẹ gbé e wá sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Bí kò bá tó 11.5, tó jẹ́ pupa, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e wá. Ẹ tún fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn wọlé tí kò tètè padà, ẹ má wo ti téèpù mọ́, ẹ máa bọ̀.

Oúnjẹ ẹlẹ́pà inú ọ̀rá tí a bá fún yín fún ọmọ tó rù, oògùn ni. Ẹ̀gbọ́n ọmọ kò gbọdọ̀ bá a jẹ ẹ́.

Ògì lásán kò tó. Ẹ po ẹ̀pà lílọ̀, sóyà tàbí edé mọ́ ọn, kí ẹ fi epo pupa díẹ̀ sí i. Wàrà wà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní. Àwọn kan ní ẹyin ń sọ ọmọ dolè. Àwa ò tíì rí olè tí ẹyin kọ́ níṣẹ́. Ọmọ tó ń ṣàìsàn ń fẹ́ oúnjẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́. Ìyá tí Kòrónà mú lè fún ọmọ lọ́mú: kó bo imú àti ẹnu, kó fọ ọwọ́.

Ọ̀fẹ́ ni wíwọn apá ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Bí ọmọ bá ń bi gbogbo ohun tó jẹ, tàbí tó ń sùn tí kò ṣeé jí, ẹ gbé e lọ tààrà sí ọsibítù ìjọba ní Òmù-Àrán.