Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí Mùsùlùmí pa àlọ́ fún ọmọ?

Lẹ́yìn wáàsí kan ní Ìlúpéjú, ìyá àgbà kan bi wá léèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ lòun ń dá bí òun bá pa àlọ́ Ìjàpá fún àwọn ọmọ-ọmọ òun. Ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ áfáà ló sọ fún un pé irọ́ ni àlọ́.

Àwa ò rí i bẹ́ẹ̀. Kí apàlọ́ tó bẹ̀rẹ̀, á ké “Ààlọ́ o!”, àwọn ọmọ á dáhùn “Ààlọ̀!” Gbogbo wọn ti mọ̀ nígbà náà pé ohun tó ń bọ̀ kì í ṣe ìròyìn. Ìjàpá á ṣe ojúkòkòrò, ojú á tì í, àwọn ọmọ á gbe orin, ẹ̀kọ́ á sì wọlé láìsí pàṣán. Irọ́ tó yẹ ká bẹ̀rù ni kí áfáà gbé ìtàn tí kò ní orísun gun mínbárì, kó ní Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ló sọ ọ́. Ìyẹn wọ́pọ̀ láàrin wa, ó mà ṣe o! Torí rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ hádíìsì fi ń béèrè pé: ẹnu ta lo ti gbọ́ ọ, ẹnu ta lòun náà ti gbọ́ ọ?

Ẹnu la fi gba ẹ̀sìn wa náà. Nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó há Àlùkùránì sórí kú lójú ogun Yamama, ní nǹkan bí ọdún 633, ẹ̀rù ba Umar, ó sì gba Abubakr nímọ̀ràn pé kí wọ́n kó o jọ sínú ìwé. Ní Agége tiwa níbí, Sheikh Adam Abdullahi al-Ilory, tó gbé Markaz rẹ̀ wá láti Abẹ́òkúta ní 1955, kọ ìtàn àwọn áfáà ilẹ̀ Yorùbá sílẹ̀.

Ìtàn inú ilé wa ńkọ́? Ní Ìlúpéjú, bàbá wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní ilé-iṣẹ́, ìyá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, fóònù ló ń bá ọmọ ṣeré. Ìyá àgbà tó wá bá wọn wẹ ọmọ tuntun, tí àlọ́ kún inú rẹ̀, á jókòó ti tẹlifíṣọ̀n títí oorun á fi gbé e lọ. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù yẹn kan náà, kí ẹ sì bi wọ́n pé ta ló pa á fún wọn.

A sọ fún ìyá yẹn pé kó fi àlọ́ tó bá ń gbé òrìṣà ga sílẹ̀, kó pa ìyókù. Ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ áfáà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ṣì mọ gbogbo orin inú wọn.