Ọmọ Tí Kì Í Jẹ Ju Búrẹ́dì Lọ



Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù a máa ṣa oúnjẹ jẹ. Òmíràn kì í fẹnu kan ju búrẹ́dì, bísíkíìtì àti ìrẹsì funfun lọ. Agídí kọ́ o. Òórùn, àwọ̀, tàbí bí oúnjẹ ṣe rí lẹ́nu ni ara wọn kì í gbà.

Ewu ibẹ̀ ni pé kò sí fítámì C nínú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹsẹ̀ á máa dun ọmọ, ìdí eyín rẹ̀ á máa ṣẹ̀jẹ̀, ó sì lè kọ̀ láti rìn. Òbí lè yáwó nítorí àìsàn eegun, kó sì jẹ́ pé oúnjẹ ló fà á. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ sọ gbogbo ohun tí ọmọ ń jẹ fún dókítà. Bí ó bá rí fítámì náà lò, ọ̀pọ̀ wọn a máa rìn padà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ẹ má fi ipá bọ́ ọ, ẹ má sì febi pa á. Ẹ máa fi ọsàn tàbí ìbẹ́pẹ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ tó mọ̀. Bí ó kọ̀ ọ́ nígbà 10, ẹ tún gbé e wá. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.