Ìdèrè: Ìlú Àgbẹ̀ tí ó Ṣẹ́gun Sòbìà

Ẹ̀yin ọmọ, bí ìyá yín bá rán yín lọ ra gàrí, láfún tàbí ẹ̀gúsí ní ọjà Ìpọ̀nrí, ní Sùúrùlérè, ẹ wo àyíká yín dáadáa. Ilé, títì àti ṣọ́ọ̀bù ni ẹ ó rí. Ẹ kò ní rí oko ẹ̀gẹ́. Níbo ni gàrí náà ti wá? Ta ni ó gbin ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ṣe é? Bí ẹsẹ̀ bá ń dun àgbẹ̀ náà tí kò lè dé oko, kí ni àwa tí a ń gbé Èkó yóò jẹ?

Inú àwọn ìlú kékeré tí àgbẹ̀ pọ̀ sí ni oúnjẹ wa ti ń wá. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kan nínú wọn. Orúkọ rẹ̀ ni Ìdèrè.

Ìlú àti oko

Ìdèrè wà ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní apá àríwá Abẹ́òkúta. Ìlú méje ni a máa ń kà ní Ìbàràpá. Àwọn ni Igbó-Ọrà, Ìdèrè, Ẹ̀rúwà, Láńlátẹ̀, Ayétẹ̀, Tápà àti Ìgangan. Igbó-Ọrà, ìlú tí a mọ̀ fún ìbejì púpọ̀, ni aládùúgbò Ìdèrè. Onídèrè ni orúkọ oyè ọba Ìdèrè.

Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀. Wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́, àgbàdo, iṣu, ẹ̀gúsí, ilá àti ata. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ jìnnà a máa ní ilé ní ìlú, a sì máa ní ahéré ní oko. Yóò sun oko fún ọjọ́ mélòó kan, yóò sì padà wá sí ìlú fún ọjà, ìsìn, ìgbéyàwó tàbí ọdún.

Kì í ṣe ẹni tí ó ń kọ ebè nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀gẹ́ bá ti oko dé, àwọn obìnrin yóò bó o, wọn yóò fọ̀ ọ́, wọn yóò sì gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ kí wọ́n bá wọn rin ín. Wọn yóò dà á sínú àpò, wọn yóò sì fi nǹkan tí ó wúwo tẹ̀ ẹ́ títí omi rẹ̀ yóò fi ro tán. Lẹ́yìn náà, wọn yóò jọ̀ ọ́, wọn yóò sì yan án lórí iná. Ó di gàrí nìyẹn. Ti ẹ̀gúsí kò rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn yóò la á, wọn yóò kó o jọ kí ara rẹ̀ lè rà, wọn yóò fọ hóró rẹ̀, wọn yóò sì sá a sí oòrùn. Ẹ kíyè sí i pé omi ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí.

Bí owó ṣe ń yí kiri

Ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá, ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà. Ìyẹn ni pé bí ẹ bá ka ọjọ́ tí wọ́n ná an mọ́ ọn, ọjọ́ karùn-ún ni wọn yóò tún ná an. Àgbẹ̀ yóò ta ẹ̀gẹ́ fún ìyá onígàrí. Ìyá onígàrí yóò san owó fún ẹni tí ó ni ẹ̀rọ àti ẹni tí ó ta igi ìdáná. Yóò ta gàrí fún àwọn alájàpá tí wọ́n wá láti ìlú ńlá, awakọ̀ yóò sì gba owó ọkọ̀. Àgbẹ̀ yóò fi owó tirẹ̀ ra aṣọ, yóò san owó fún télọ̀, yóò sì ra ìwé fún ọmọ. Nítorí náà, bí àgbẹ̀ bá dúró, gbogbo ọjà ni yóò dúró.

Àwọn àgbẹ̀ mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́. Bí ọ̀rẹ́ márùn-ún bá jọ ṣiṣẹ́ ní oko ẹni kìíní lónìí, ní oko ẹni kejì lọ́la, títí yóò fi kan gbogbo wọn, àáró ni wọ́n ń ṣe. Bí ẹnì kan bá bẹ àwọn ènìyàn púpọ̀ kí wọ́n wá bá òun ṣiṣẹ́ ńlá kan, tí ó sì se oúnjẹ fún wọn, ọ̀wẹ̀ ni ó bẹ̀ wọ́n. Wọ́n tún ń dá èésú. Olúkúlùkù yóò dá iye kan náà, ẹnì kan yóò sì kó gbogbo owó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, títí yóò fi kárí.

Ọ̀tá tí ó wà nínú omi

Àwọn àgbà máa ń sọ pé a kì í bá omi ṣe ọ̀tá. Ṣùgbọ́n nígbà kan, inú omi ni ọ̀tá Ìdèrè wà. Sòbìà ni orúkọ rẹ̀. Omi ẹ̀rọ ti dé ìlú náà rí. Nígbà tí kò yọ mọ́, àwọn ènìyàn padà sí adágún omi.

Aràn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó funfun bí òwú ni sòbìà. Ó lè gùn tó mítà kan. Bí ẹni tí sòbìà ń yọ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wọ inú adágún láti pọn omi, aràn náà yóò tú ọmọ wẹ́wẹ́ sínú omi. Àwọn kòkòrò tíntín inú omi yóò gbé wọn mì. Ẹni tí ó bá mu omi náà láìsẹ́ ẹ ti gbé sòbìà mì nìyẹn. Kò ní mọ nǹkan kan. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wú, yóò roró, aràn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Kò sí oògùn tí ó ń pa á nínú ara. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi igi kékeré ká a jáde lójoojúmọ́, nítorí kò gbọdọ̀ já.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni sòbìà máa ń yọ jù ní Ìdèrè. Ìgbà náà ni ó yẹ kí àgbẹ̀ máa wa ẹ̀gẹ́, kí ó sì máa ṣán oko de òjò. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí sòbìà mú lè wà lórí ẹní fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ta ni yóò wá sí àáró rẹ̀ bí ẹsẹ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà bá wú? Àwọn ọmọ tí sòbìà mú kò lè rìn dé ilé ẹ̀kọ́.

Bí wọ́n ṣe ṣẹ́gun

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà nígbà náà pé sòbìà ti wà nínú ara láti ìgbà tí a ti bí ènìyàn. Nínú àwọn ọdún 1980, àwọn òṣìṣẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn jókòó ti àwọn ará Ìdèrè, wọ́n sì ṣàlàyé pé inú omi ni ó ti ń wá. Àwọn ará ìlú yan àwọn kan láàrin ara wọn láti kọ́ nípa ìlera. Àwọn télọ̀ ìlú rán aṣọ asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera náà sì ń tà á láti ilé dé ilé. Wọ́n tún gbẹ́ kànga, nítorí kò sí ẹni tí ó ń fi ẹsẹ̀ wọ inú kànga.

Ìdèrè nìkan kọ́ ni sòbìà yọ lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n ka àwọn aláìsàn rẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1988, wọ́n lé ní 650,000. Jimmy Carter, tí ó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, àti Ọ̀gágun Yakubu Gowon, tí ó ti jẹ olórí Nàìjíríà rí, wà lára àwọn tí wọ́n gbógun tì í. Ní ọdún 2008 ni a rí ẹni tí ó ní i kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé sòbìà ti tán ní orílẹ̀-èdè wa.

Ẹ̀yin ọmọ, kì í ṣe abẹ́rẹ́ ni ó lé sòbìà lọ. Ìmọ̀, aṣọ asẹ́, kànga àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀ ni. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Nígbà tí ẹ bá tún bu gàrí sínú àwo, ẹ rántí ẹsẹ̀ tí ó rìn lọ sí oko kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Ìbéèrè

1. Dárúkọ ìlú mẹ́ta ní ilẹ̀ Ìbàràpá.
2. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àáró àti ọ̀wẹ̀?
3. Báwo ni sòbìà ṣe ń ti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn?
4. Kí ni ó fà á tí ọjà fi ń dúró bí àgbẹ̀ bá ń ṣàìsàn?
5. Bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ta oúnjẹ ní àdúgbò rẹ, ìlú tí ọjà rẹ̀ ti wá. Kọ ohun tí ó bá sọ sínú ìwé rẹ.