Òtútù Kọ́ Ló Ń Pa Ọmọ Igi Lásìkò Ọyẹ́

Lọ́dún tó kọjá, ọwọ́ ara mi ni mo fi pa igi màámi. Igi masquerade ni, èyí tó máa ń ga tẹ́ẹ́rẹ́, tí ewé ẹ̀ ń rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ eégún. Ilẹ̀ Íńdíà àti Sri Lanka ló ti ṣẹ̀ wá. Owó àjọ tí wọ́n kó ni wọ́n fi rà á, wọ́n gbìn ín síwájú ilé wa ní Aké.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, etí ewé ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà bíi tábà. Mo rò pé òtútù ni. Mo ti rí i lórí YouTube bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń wé igi kékeré, ni mo bá fi lọ́rà wé e látòkè délẹ̀. Màámi wò ó, wọ́n ní, "Ṣé mọ́ínmọ́ín lo fẹ́ fi ṣe ni?" Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ó jinná lóòótọ́.

Lọ́hùn-ún, tí òtútù bá lọ sísàlẹ̀ 0°C, omi inú ewé lè di yìnyín, kó sì bà á jẹ́. Ọyẹ́ tiwa ò sún mọ́ ibẹ̀ rárá. Gbígbẹ ni wàhálà tiwa. Atẹ́gùn tó ń ti Sàhárà bọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ní omi lára; ẹ wo bí aṣọ ṣe ń yá gbẹ lórí okùn, bí ètè yín ṣe ń là. Ewé náà ní ihò wẹ́wẹ́ tí ojú lásán ò lè rí, ibẹ̀ ló ti ń mí, ibẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ gbígbẹ ti ń fa omi ara ẹ̀ jáde. Igi àgbà á fi gbòǹgbò wá omi lọ sísàlẹ̀. Ọmọ igi ò tíì lágbára ẹ̀, pàápàá lágbàlá wa, níbi tí ẹ ò ní í gbẹ́lẹ̀ jìnnà kí ọkọ́ tó kan òkúta. Lọ́rà tèmi wá sé ooru ọ̀sán mọ́ ọn.

A ti gbin òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, nírọ̀lẹ́, mo máa ń rọra da garawa omi kan sídìí ẹ̀ kó lè wọlẹ̀ dáadáa. Omi ìwọ́nwọ́n ojoojúmọ́ kì í kọjá òkè ilẹ̀. Mo kó koríko gbígbẹ yí i ká, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó kan ara igi, nítorí ikán. Mo fi imọ̀ ọ̀pẹ dí apá àríwá àti ìlà-oòrùn, ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Mo tún ń fi omi ṣan eruku kúrò lára ewé, torí ó ń dí ìmọ́lẹ̀. Fàtíláísà? Ẹ jẹ́ kójò dé ná.

Láàárọ̀ yìí mo fi èékánná ha èèpo ẹ̀ díẹ̀. Inú ẹ̀ ṣì tutù, ó ní àwọ̀ ewé. Ewé mẹ́ta péré ló ti bọ́. Màámi ò tíì sọ nǹkan kan.